Oúnjẹ Àríyá Òpin Ọ̀sẹ̀: Bí A Ṣe Lè Jẹ Ẹ́ Pẹ̀lú Ẹbí àti Ọ̀rẹ́ Láìkó Àìsàn Wálé

Oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ni a sì ń rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ. Ní Èkó, ní Kánò, ní Àbújá àti ní Port Harcourt, ọjọ́ Sátidé ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìṣílé. Àwọn ọ̀rẹ́ tí kò ríra tipẹ́ yóò jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, iyán, tùwó, ẹran díndín àti ẹja yóò kún ojú tábìlì. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó ṣe ìnáwó kò ní jẹ́ kí àlejò rẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Yóò di oúnjẹ fún un lọ sílé.

Ìwà ọmọlúwàbí ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó bá a wí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùtọ́jú nínú ilé àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera ni ìdí tí oúnjẹ tí ó dùn ní ọ̀sán Sátidé fi lè di àìsàn ní ọjọ́ Àìkú, àti ohun tí a lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí kan

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ìyá kan gbé ọmọ méjì wá ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn méjèèjì ti bì títí kò fi ku nǹkan kan nínú wọn mọ́, ojú àbúrò sì ti jìn sínú. Ìrẹsì tí wọ́n dì fún ìyá náà níbi ìgbéyàwó kan nínú ẹbí ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jẹ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo gbé e kaná títí ó fi gbóná janjan kí n tó bù ú fún wọn." Mo gbà á gbọ́, nítorí pé kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àgbàlagbà kan nínú ẹbí ti sọ pé ojú lásán kọ́, pé wọ́n fi nǹkan sínú oúnjẹ náà ni. Ó sì ti dárúkọ ẹni tí ó fura sí: obìnrin tí ó bu ìrẹsì náà sínú ọ̀rá. Omi iyọ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú ìtọ́jú mú kí ara àwọn ọmọ náà yá kí ọjọ́ kejì tó ṣú. Ohun tí ó gbà wá ní àkókò jù ni láti ṣàlàyé fún ẹbí náà pé kò sí ọ̀tá kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wákàtí tí ó wà láàárín ìgbà tí wọ́n sọ ìrẹsì kalẹ̀ àti ìgbà tí àwọn ọmọ jẹ ẹ́ ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà.

Báwo ni oúnjẹ dídùn ṣe ń di májèlé?

Kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí wà níbi gbogbo: nínú erùpẹ̀, lára ẹran tútù, ní ọwọ́ wa, nínú imú wa. Bí wọ́n bá kéré, ara ènìyàn sábà máa ń borí wọn. Ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí àyè láti pọ̀ sí i.

Àyè tí wọ́n fẹ́ràn ni oúnjẹ tí kò gbóná jù tí kò sì tutù jù, èyí tí ó wà láàárín ìwọ̀n 5°C àti 60°C. Ooru ọ̀sán ní agbègbè wa bọ́ sí àárín gbùngbùn ìwọ̀n yìí. Bí àyè bá gbà wọ́n dáadáa, àwọn kòkòrò kan lè di ìlọ́po méjì ní ogún ìṣẹ́jú péré. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Kòkòrò kan ṣoṣo yóò di 64 lẹ́yìn wákàtí méjì. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin yóò di 4,096. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, yóò ti lé ní mílíọ̀nù 16. Oúnjẹ náà lè má yí àwọ̀ padà, ó lè má rùn, ó sì lè má kan. Nítorí náà, títọ́ oúnjẹ wò tàbí gbígbóòórùn rẹ̀ kò tó láti mọ̀ bóyá ó ṣì dára.

Kí ló dé tí gbígbé oúnjẹ kaná lẹ́ẹ̀kejì kò fi tó?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé kò sí ohun tí iná kò lè pa. Òtítọ́ ni pé iná ń pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò kan ti tu oró wọn sínú oúnjẹ kí iná tó dé bá wọn. Iná lè pa kòkòrò náà kí oró rẹ̀ sì kù síbẹ̀.

Èkíní nínú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni Bacillus cereus, tí ó fẹ́ràn ìrẹsì púpọ̀. Láti inú ilẹ̀ ni ó ti ń bá ìrẹsì wá. Nígbà tí a bá ń se ìrẹsì, ó máa ń sá pamọ́ sínú èèpo líle kan tí omi híhó kò lè fọ́. Bí ìrẹsì bá wá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, yóò jáde, yóò máa pọ̀ sí i, yóò sì tu oró tí ń fa èébì. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé oró yìí kò bàjẹ́ bí a tilẹ̀ gbé e sí ìwọ̀n 121°C fún 90 ìṣẹ́jú. Ìwọ̀n 100°C ni omi ń hó. Kò sí ìkòkò inú ilé ìdáná wa tí yóò pa irú oró bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni Staphylococcus aureus. Ó ń gbé nínú imú, lára awọ àti nínú egbò. Ọwọ́ ẹni tí ó ń gé ẹran tàbí tí ó ń bu oúnjẹ ni ó sábà ń gbà dé inú oúnjẹ. Oró tirẹ̀ náà kì í bẹ̀rù iná.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìrẹsì ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Ó gbé e kaná lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná náà ti pẹ́ jù.

Ìrìn àjò ìrẹsì kan láti ìdájí Sátidé sí ọ̀sán Àìkú

Ẹ wo bí wákàtí ṣe ń kóra jọ. Àwọn alásè dáná ní ìdájí, wọ́n sì sọ ìrẹsì kalẹ̀ ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Wọ́n dà á sínú kúlà ńlá. Bí kúlà náà bá mọ́, tí oúnjẹ tí a dà sínú rẹ̀ ń hó, tí ó kún, tí a sì dé e pa, ó lè gbóná fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kúlà kì í ṣe ààrò. Kò ní iná tirẹ̀. Ooru tí a bá gbé sínú rẹ̀ ni ó ń tọ́jú. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i láti bu oúnjẹ ni ooru ń jáde lọ.

Ní agogo méjì ọ̀sán, wọ́n pín oúnjẹ. Ní agogo márùn-ún, wọ́n bu èyí tí ó kù sínú ọ̀rá tàbí ike. Ó wà lórí ìjókòó ọkọ̀ títí di agogo méje. Nígbà tí ó délé, iná mànàmáná kò sí, wọ́n sì gbé e sórí tábìlì di ọjọ́ kejì. Láti òwúrọ̀ Sátidé sí ọ̀sán Àìkú ju wákàtí 24 lọ.

Kí ni ìlànà wí? Nínú kókó márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2001 fún ààbò oúnjẹ, ọ̀kan sọ pé kí a má ṣe fi oúnjẹ sísè sílẹ̀ lójú afẹ́fẹ́ ju wákàtí méjì lọ. Àwọn aláṣẹ ètò oúnjẹ ní Amẹ́ríkà fi kún un pé bí ooru ọjọ́ bá ju ìwọ̀n 32°C lọ, wákàtí kan péré ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán Sátidé wa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn fún ẹni tí ó ń ṣe ìnáwó àti fún alásè

• Ẹ jẹ́ kí àkókò ìdáná sún mọ́ àkókò jíjẹ. Bí àlejò púpọ̀ bá ń bọ̀, ó sàn kí a se ìrẹsì ní ìkòkò méjì ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ju kí a se gbogbo rẹ̀ ní ìdájí.
• Oúnjẹ tí a fẹ́ kí ó máa gbóná gbọ́dọ̀ wà lókè 60°C. Oúnjẹ tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ máa ń jó ènìyàn lọ́wọ́. Bí ó bá ti di lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ti bọ́ sí àyè tí kòkòrò fẹ́ràn.
• Ẹran, adìẹ àti ẹja gbọ́dọ̀ jinná dé inú, ó kéré tán dé ìwọ̀n 70°C. Bí omi pupa bá ṣì ń jáde lára adìẹ, kò tíì jinná.
• Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ àti pátákó tí a fi gé ẹran tútù gé ẹran tí ó ti jinná tàbí ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ jẹ ní tútù, àfi bí a bá ti fi ọṣẹ àti omi fọ̀ wọ́n.
• Ẹni tí ó ń bì, tí ó ń ṣu àrunṣu tàbí tí ó ní egbò ní ọwọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ àríyá. Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún un kí ojú má baà tì í.
• Ẹ pèsè omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ fún àlejò láti fọ ọwọ́. Abọ́ omi kan tí gbogbo ènìyàn ń ti ọwọ́ bọ̀ kò fọ ọwọ́ kankan mọ́.
• Bí ẹ bá fẹ́ di oúnjẹ fún àlejò, ẹ dì í nígbà tí ó ṣì gbóná, kí ẹ sì sọ wákàtí tí wọ́n sè é fún ẹni tí ó gbà á.

Ìmọ̀ràn nípa ohun mímu

Dídì kì í pa kòkòrò àrùn. Yìnyín tí a fi omi tí kò mọ́ ṣe yóò dá kòkòrò náà padà bí ó bá ti yọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe ju yìnyín tí a rà ní ìgboro sínú ife sóbò, kúnnú tàbí omi ọsàn. Ẹ fi tu ìgò nìkan, láti ìta. Ẹ fọ ara ìgò àti ara ọ̀rá omi kí ẹ tó fi ẹnu kàn án, nítorí pé omi yìnyín inú agbada ni wọ́n ti ń jáde. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àrùn kọ́lẹ́rà jà ní Èkó ní àkókò kan náà tí àwọn ènìyàn ń ṣe ọdún Iléyá. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a mú ọ̀rọ̀ omi ní ọ̀kúnkúndùn jù lọ.

Bí oúnjẹ bá délé

• Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n sè é. Bí ó bá ti lé ní wákàtí méjì láti ìgbà tí kò ti gbóná mọ́, ẹ má ṣe fún ọmọdé jẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì.
• Bí ó bá ṣì gbóná, ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké tí kò jìn kí ó lè tètè tutù, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì. Ìkòkò ńlá máa ń gbóná ní àárín fún wákàtí púpọ̀ bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti tutù.
• Bí iná bá lọ, ẹ má ṣe ṣí fíríìjì. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà ní títì, oúnjẹ inú rẹ̀ wà láìséwu fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Fíríìsà tí ó kún lè dúró fún wákàtí 48, èyí tí ó kún dé ìdajì lè dúró fún wákàtí 24.
• Ìrẹsì tí a tètè gbé sínú fíríìjì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó gbóná débi pé yóò máa rú èéfín, kí ẹ sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.
• Bí ẹ kò bá ní fíríìjì tàbí iná tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ gba ìwọ̀nba tí ilé lè jẹ tán ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ìtìjú nínú kí a sọ pé, "Ẹ ṣeun, èyí tó wa."

Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti da oúnjẹ nù. Owó ni, oúnjẹ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n iye tí a ó ná sórí oògùn àti ọkọ̀ ilé ìwòsàn ju iye abọ́ ìrẹsì kan lọ.

Àwọn tí ó yẹ kí a ṣọ́ jù lọ

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde tí ó dá lórí ọdún 2010. Ó fi hàn pé mílíọ̀nù 600 ènìyàn ni oúnjẹ tí kò mọ́ kó àìsàn bá lágbàáyé ní ọdún kan, 420,000 sì kú. Nínú àwọn tí ó kú, 125,000 ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ní ẹkùn Áfíríkà nìkan, àwọn tí ó ṣàìsàn ju mílíọ̀nù 91 lọ, àwọn tí ó sì kú jẹ́ 137,000.

Àwọn tí ó nílò ìṣọ́ra jù ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aboyún, arúgbó, ẹni tí ó ní kòkòrò HIV, alárùn ìtọ̀ ṣúgà àti ẹni tí ó ní àìsàn fọ̀níkúfọ̀ladìde. Kòkòrò Salmonella lè wọ inú eegun ẹni tí ó ní fọ̀níkúfọ̀ladìde. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò ohunkóhun ju ọmú ìyá rẹ̀ lọ. Bí àǹtí tàbí ìyá àgbà bá fẹ́ tọ́ ọ ní ọbẹ̀ níbi àríyá, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀.

Bí àìsàn bá ti dé ńkọ́?

Ohun tí ó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ nínú àrunṣu àti èébì ni omi ara tí ó ń gbẹ. Nítorí náà, dídá omi padà sínú ara ni ìtọ́jú àkọ́kọ́.

Ẹ fún un ní ORS, tí ẹ pò gẹ́gẹ́ bí ìlànà ara páálí rẹ̀. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, tí ẹ gé lórí kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, mọ́ omi mímọ́ lítà kan. Ike omi 50cl méjì ni lítà kan. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì yóò mu mílílítà 50 sí 100, ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá yóò mu 100 sí 200, àgbàlagbà yóò mu bí ó bá ṣe fẹ́. Bí ọmọ bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe dá ọmú tàbí oúnjẹ dúró. Ẹ fún ọmọ tí ó ń ṣu àrunṣu ní síńkì 20mg lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. 10mg ni fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà.

Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró. Ẹ má sì ṣe lo oògùn apakòkòrò láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn wọ̀nyẹn kò lè ṣe nǹkan kan sí oró tí a ti jẹ.

Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí:

• Ọmọ ń tòògbé lódìlódì, tàbí kò lè mu omi.
• Gbogbo ohun tí ó mu ni ó ń bì.
• Ojú rẹ̀ jìn sínú, tàbí awọ ikùn rẹ̀ kò tètè padà bí a bá fà á.
• Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí ibà líle wà pẹ̀lú rẹ̀.
• Ìgbẹ́ dàbí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, tí ó sì ń ya lọ́pọ̀lọpọ̀.
• Gìrì mú un, tàbí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà.

Fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera

Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: kí ni wọ́n jẹ, ìgbà wo ni wọ́n jẹ ẹ́, àwọn wo ni wọ́n jọ jẹ ẹ́? Àkókò máa ń tọ́ka sí ohun tí ó fà á. Èébì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí mẹ́fà sábà jẹ́ ti oró Bacillus cereus tàbí Staphylococcus. Inú rírun àti àrunṣu láàárín wákàtí mẹ́fà sí 24 lè jẹ́ ti Clostridium perfringens, èyí tí ń pọ̀ nínú ìkòkò ńlá ọbẹ̀ ẹran tí ó tutù díẹ̀díẹ̀. Àrunṣu pẹ̀lú ibà láàárín wákàtí mẹ́fà sí 72 lè jẹ́ ti Salmonella. Kọ́lẹ́rà lè yọjú láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ má ṣe gbàgbé májèlé kẹ́míkà, nítorí pé àwọn kan ń tọ́jú oògùn apakòkòrò sítòsí oúnjẹ. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu aláìsàn, tí òógùn bò ó, tí dúdú ojú rẹ̀ dín kù bí orí abẹ́rẹ́, tí iṣan rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láìjáfara.

Bí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ṣàìsàn láti ìdí oúnjẹ kan náà, ẹ fi tó òṣìṣẹ́ tí ń mójú tó àjàkálẹ̀ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín létí, kí ẹ sì tọ́jú ìyókù oúnjẹ náà fún àyẹ̀wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó ti ẹbí náà. Ẹ ṣe ìṣirò wákàtí fún wọn bí mo ti ṣe é lókè yìí. Ní alẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, a bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí Sátidé, a kà á títí dé ọ̀sán Àìkú. Nígbà tí a kà á tán, àgbàlagbà tí ó ti dárúkọ obìnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n pè é sí orí fóònù fún òun, ó sì bẹ̀ ẹ́.

Ẹ máa lọ sí òde, ẹ máa bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ jẹun. Ẹ jẹ oúnjẹ náà nígbà tí ó ṣì gbóná, ẹ gba ìwọ̀nba lọ sílé, kí ẹ sì máa ka wákàtí.